Ìlà Búlúù ti Orí Òkè

Lọ́jọ́ tí wọ́n ká àwọn bébà ara ògiri ọ́fíìsì ilé búrẹ́dì náà kúrò, Àǹtí Rúlà mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Òun ló máa ń ṣí fèrèsé ọ́fíìsì láràárọ̀, kí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun tó wọ aṣọ iṣẹ́ wọn tán. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó yà sọ́dọ̀ aránṣọ, ó ní kó bá òun gán bọ́tìnnì kan tí kò tíì já, ó sì jókòó tì í títí tó fi gán an tán.

Nígbà tó dé, wọ́n ti parí. Ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí bébà ti bò láti òkè dé ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wà ní ìhòòhò goloto. Ibi tí àwọn bébà náà wà funfun, àyíká rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tíì, ihò ìṣó wẹ́wẹ́ sì kún ibẹ̀. Láàárín ògiri náà ni wọ́n kan tẹlifíṣọ̀n ńlá kan mọ́, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn tí wọ́n dà dùbúlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o," ni Ọ̀gá Kékeré wí. Òun ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Bàbá, tó dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀, bí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, òun ló sì ń darí iṣẹ́ láti ìgbà tí orúnkún Bàbá ti ní òun kò gun àtẹ̀gùn mọ́. "Mi ò jẹ́ kí wọ́n fa ọ̀kankan ya o. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú àpótí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín yẹn."

Àǹtí Rúlà wo àpótí náà, ó wo ògiri. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá."

Ìgbà tó bá ń bínú nìkan ló máa ń pè é ní Ọ̀gá láìfi Kékeré kún un. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn lọ po tíì wá fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí obìnrin yìí ṣe di Rúlà. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí Bàbá gbà á síṣẹ́ láti máa ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù Orí Òkè, ṣọ́ọ̀bù tó kéré débi pé kò ní ju fèrèsé onígi kan àti pẹpẹ mẹ́ta lọ. Láyé ìgbà yẹn, bí Bàbá ṣe bá jí ló ṣe ń pín búrẹ́dì fún àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lónìí, búrẹ́dì á tán kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, àwọn oníbàárà á máa kùn. Lọ́la, á ṣẹ́kù rẹpẹtẹ, á gan bí igi. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kò lè mú un mọ́ra. Ó tú àpò ìyẹ̀fun oníbébà kan palẹ̀, ó fi pákó pẹlẹbẹ fa ìlà sí inú rẹ̀, ó wá ń kán àmì kan síbẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, lókè bí ọjà bá yá, nísàlẹ̀ bí kò bá yá. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó so gbogbo àmì náà pọ̀, ó sì rí i pé búrẹ́dì ní ìrìn tirẹ̀. Ó máa ń gòkè ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú, bí ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà.

Bàbá yọ sí i lọ́jọ́ kan, ó bá bébà náà lára ògiri.

"Kí lèyí tó o lẹ̀ mọ́ ògiri mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìrìn búrẹ́dì ni."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó wò ó títí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló gbé bébà gidi wá, irú èyí tí ìlà wẹ́wẹ́ kún bí àwọ̀n, pẹ̀lú pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́fà, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, àti rúlà kan tó gùn tó apá ènìyàn. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ di ti inú ilé. Rúlà ni gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tó dàgbà, wọ́n fi Àǹtí sí i níwájú. Òun fúnra rẹ̀ ló yan àwọ̀. Ó fún Ìdí Rélùwé ní pupa, ó fún Ilé Ìwòsàn ní àwọ̀ ewé, ó sì mú búlúù, tó wù ú jù, fún Orí Òkè, nítorí tirẹ̀ ni.

Ní Orí Òkè náà ló ti pàdé ọkọ rẹ̀. Awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì gun òkè láàárọ̀ ni. Bó bá ti já ẹrù rẹ̀ tán, kì í tètè lọ. Á fara ti fèrèsé, á na ọrùn wo ara ògiri. "Ìlà wa ńkọ́? Ṣé ó gòkè?" Ó ní "wa", bí ẹni tí wọ́n jọ fà á. Lọ́dún kejì, wọ́n fẹ́ ara wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé torí kó lè máa gbọ́ ìròyìn búrẹ́dì kí ẹlòmíì tó gbọ́ ló ṣe gbé e níyàwó.

Gbogbo èyí ló ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn Àǹtí Rúlà bó ṣe jókòó tí tíì rẹ̀ ń tutù, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú tó gbapò iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ètò kan ni Ọ̀gá Kékeré rà sórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ti ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, ẹ̀rọ orí káńtà á fi ránṣẹ́, ètò náà á sì sọ nọ́ńbà di àwòrán lójú ẹsẹ̀, ìlà àti òpó, tó gùn tó kúrú, pẹ̀lú àwọ̀ tó ń pọ́n bí nǹkan bá ń bàjẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ayàwòrán. Ohun tí Àǹtí Rúlà ń fi odindi ọ̀sẹ̀ ṣe, Ayàwòrán ń ṣe é kí ènìyàn tó sín tán.

Ọ̀gá Kékeré fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ́ ọ. Máòsì ló kọ́kọ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá ní kó lọ sọ́tùn-ún, á gbọ̀nà òkè lọ. Nígbà tó sú u, ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ó nà án sí tẹlifíṣọ̀n.

"Àǹtí, ẹ gbé e kalẹ̀. Kì í ṣe rìmóòtù."

"Mo mọ̀. Mò ń jẹ́ kó fojú ara ẹ̀ rí ibi tí mo ń rán an ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ó tẹ ìlà búlúù ti Orí Òkè lẹ́ẹ̀mejì, ìlà náà sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ọjọ́ di wákàtí. Ó rí búrẹ́dì tí wọ́n tà ní aago méje, ó rí ti aago mẹ́jọ. Ní gbogbo ọdún tó fi ń fa ìlà, kò rí inú ọjọ́ kan ṣoṣo rí. Inú rẹ̀ dùn, inú sì tún bí i pé inú òun dùn.

Kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ ni Ọ̀gá Kékeré fi ra Ayàwòrán. Ààrò méjì ni ilé búrẹ́dì náà ní, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì ti sán láti ẹnu dé ìdí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti kú tán, àwọn tó ṣe é ti pa ilé iṣẹ́ wọn dé. Olórí Ààrò, ọkùnrin kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ yan búrẹ́dì, ní òun lè fi amọ̀ dọ́gbọ́n sí i fún oṣù mẹ́ta, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrò kan tó máa kù lè bọ́ ṣọ́ọ̀bù márùn-ún. Mẹ́fà ni ṣọ́ọ̀bù.

"Mi ò fẹ́ ti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe mí," ni Ọ̀gá Kékeré sọ fún Àǹtí Rúlà. "Mo fẹ́ ká fojú rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ orí káńtà wọ̀nyí ò tíì ju ọdún méjì lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, inú àpótí irin yín ló wà. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ wọlé, Àǹtí."

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni o."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n má fà á ya nìyẹn."

Ìbínú tó wà nínú Àǹtí Rúlà láti ọjọ́ bọ́tìnnì yẹn yọ́ dànù lójú kan náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló fi ṣe é. Láàárọ̀, á yọ bébà kan jáde, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á fi rúlà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà ká, á wá máa ka àmì kọ̀ọ̀kan, á máa tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ó rò pé iṣẹ́ ìka lásán ni. Kò mọ̀ pé bí òun ṣe ń tẹ nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ á máa dìde. Ó dé ibi àmì kan tó fò sókè bí ẹ̀lẹ́ńgà, ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì kan kú sórí òkè pẹ̀lú èrò inú rẹ̀ ni, tí wọ́n jẹ búrẹ́dì pẹpẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, tí ọkọ rẹ̀ sì ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ kó òmíràn wá tí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn. Ó dé ibi tí búlúù ti yí padà di èyí tó ṣú díẹ̀, ó rántí bí àwọn tó ń ṣe pẹ́ńsù ṣe pàrọ̀ àwọ̀ láìbi í, tó fi gbogbo oṣù yẹn bínú. Ó rí ojú ibi tí ife tíì Bàbá ti jókòó, ó ṣe róbótó, láàárín ìlà ṣọ́ọ̀bù Ọjà.

Ní bébà ọdún kẹrin, ó pe Ọ̀gá Kékeré.

"Wá wo nǹkan níbí."

Bí wọn ò bá sí níwájú àwọn òṣìṣẹ́, kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, nítorí òun ló máa ń pọ̀n ọ́n gun òkè nígbà tó wà ní kékeré. Ọ̀gá Kékeré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Adìyẹ kan ló wà lórí bébà náà, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ó dúró lórí ìlà Iwájú Iléèwé.

"Ta ló ya èyí?"

"Ìwọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹ́. Bàbá ní kí n nù ún kúrò, mo ní rárá, ó dúró síbi tó yẹ, oṣù yẹn la kọ́kọ́ fi ẹyin sínú búrẹ́dì. Ṣé kí n tẹ òun náà wọlé?"

Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti àpótí irin. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń yẹ bébà wò bí ẹni ń yẹ fọ́tò ìdílé wò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ló dé ọdún kọkànlá. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n. Ìlà búlúù náà ń gòkè ń sọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, àfi bó ṣe dé àárín ọdún, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo. Ogóje ó lé mẹ́ta, ogóje ó lé mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlógún tí wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ayàwòrán ti fi àmì òfeefèé yí ibẹ̀ ká, bí ẹni tó ń sọ pé nǹkan ibí yìí kò yé òun.

"Ó jọ pé àṣìṣe ni," ni Ọ̀gá Kékeré wí. "Ọjà kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Ṣé ká yọ ọ́ ni?"

Àǹtí Rúlà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un irú ọ̀sẹ̀ tó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ikú ọkọ rẹ̀ ni. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré ló mú un lọ. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó mú bébà tuntun, kò sì bojú wẹ̀yìn wo èyí tó ṣáájú. Ó fa bébà náà mọ́ra. Búlúù rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àmì náà tóbi bí ẹ̀wà, ẹni tó kán wọn sì tẹ pẹ́ńsù débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà.

"Má yọ ọ́," ló wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè."

Ní ọ̀sán Sátidé, ó ká bébà náà, ó lọ sílé Bàbá. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, rédíò ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Wọ́n kí ara wọn tán, ó tẹ́ bébà náà sórí itan rẹ̀.

"Bàbá, ta ló fa ibí yìí?"

Bàbá wá gíláàsì rẹ̀, ó fi sójú. "Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó burú, sà."

"Èmi ni." Ó pa rédíò. "Mi ò fẹ́ fi ẹlòmíì sídìí fèrèsé rẹ. Èmi ni mo lọ dúró síbẹ̀ fúnra mi. Iṣẹ́ yẹn le, Rúlà. Wọ́n á bú mi pé mò ń fa ẹsẹ̀."

"Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà lẹ kọ ní gbogbo ọjọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Iye tó o kọ kẹ́yìn kó o tó lọ ni." Bàbá na ìka lé ìlà náà, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. "Mo rò ó. Mo ní bí mo bá kọ ọ́ pé ó gòkè, wàá dé, wàá rò pé a ò nílò rẹ mọ́. Bí mo bá kọ ọ́ pé ó wálẹ̀, ẹnì kan á sọ fún ẹ, wàá sì sáré padà wá kí ojú rẹ tó gbẹ. Ni mo bá fi í sílẹ̀ síbi tó o fi í sí. Mo ní kó dúró dè ọ́."

Àǹtí Rúlà fi ìka tirẹ̀ lé ìlà náà. Ogún ọdún ti kọjá. Ó ti sunkún ọkọ rẹ̀ tán, tàbí ó rò pé òun ti sunkún rẹ̀ tán. Bàbá náà kò wò ó. Ó gbójú lé ìta, ó ń fi ọwọ́ nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

"Ó dáa nígbà náà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọ̀rọ̀ fèrè ọkọ̀ búrẹ́dì náà tún wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo rí i pé bí awakọ̀ tuntun tó gba ipò ọkọ rẹ bá ti fọn fèrè, ara rẹ á gbọ̀n, ni mo ṣe ní kó o wá sí ọ́fíìsì."

"Mo mọ ìyẹn, Bàbá."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjìdínlógún yìí ni mi ò mọ̀."

Ó padà sọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, ó sọ fún Ọ̀gá Kékeré pé kó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Kó kàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé wọn kò ka ọjà láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Ọ̀gá Kékeré pe ìpàdé. Olórí Ààrò wá, àwọn olùtajà ṣọ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá. Ẹlẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tó ń tajà ní Orí Òkè báyìí, tí kì í dákẹ́ ẹ̀rín. Onígíláàsì tó ń tajà ní Ìdí Rélùwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Ọ̀gá Kékeré tan tẹlifíṣọ̀n, àpótí mẹ́fà sì yọ lójú rẹ̀, ìlà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ń rìn jẹ́jẹ́. Ti Ìdí Rélùwé ló já wálẹ̀ bí ẹni tó jìn sí kòtò, ó sì pọ́n roro.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí," ni Ọ̀gá Kékeré wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ó dùn mí gan-an."

Onígíláàsì yọ gíláàsì rẹ̀. Ó ká a, ó fi sápò, bí ẹni tí kò ní nílò rẹ̀ mọ́.

Àǹtí Rúlà ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe ìlà ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ló ń wò, níbi tí nọ́ńbà wà, nítorí ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ lọ láti ọmọ ogún ọdún. Nínú àpótí Ìdí Rélùwé, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti igba, ó parí sí igba ó lé ogójì. Búrẹ́dì ogún péré tó dín, ó gba inú àpótí já bí ẹni pé ilé wó. Nínú àpótí Orí Òkè, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó lọ dé ẹgbẹ̀rún. Bí gbogbo òkè náà bá wọ inú rẹ̀, kò lè mì.

"Ọ̀gá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́," ló wí pẹ̀lẹ́, "ṣé a lè lọ mu tíì díẹ̀ ká tó máa bá a lọ?"

Ọ̀gá Kékeré wò ó, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ ti tẹ òun. Àwọn yòókù jáde. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Bàbá ni. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí n má fọwọ́ kan Orí Òkè. Ó ní ọwọ́ yín ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà ò fẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo ìlà yẹn, ẹ̀yin ni mò ń rí."

Àǹtí Rúlà jókòó. Ọ̀rọ̀ náà gbóná lára rẹ̀ bí omi ìwẹ̀ ìgbà òtútù, ó sì tún ta á. "Ìwọ àti bàbá rẹ, ẹ fẹ́ràn mi ju bó ṣe yẹ lọ. Onígíláàsì tó jáde lọ mu tíì yẹn ńkọ́? Ṣé nítorí pé mo pàdé ọkọ mi lórí òkè ni kó ṣe pàdánù iṣẹ́ rẹ̀?"

Ọ̀gá Kékeré bojú wo ilẹ̀kùn.

"Èmi ni mo sì tẹ gbogbo ẹ̀ wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó o bá fẹ́ bò mí lójú, o kì bá má ti kọ́ mi ní máòsì. Gbé e fún mi."

Ó gba máòsì. Kò nà án sí tẹlifíṣọ̀n lọ́tẹ̀ yìí. Ó da ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àpótí kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn lè dúró lórí ìwọ̀n kan náà, ó sì fà á padà sẹ́yìn títí dé ọdún kìíní. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bo ògiri náà. Ìlà pupa ti Ìdí Rélùwé ń lọ gbọọrọ, kò mì. Búlúù ń rìn ní àárín ogóje sí ọgọ́sàn-án, ọdún ń gorí ọdún, ó sì tẹ́ fún ọjọ́ méjìdínlógún. Lẹ́yìn náà ló tún tẹ̀ síwájú, àfi ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tó ṣẹ́ lójijì, tó wá ń yọ̀ bọ̀ láti oṣù dé oṣù títí tó fi dé àádọ́ta ó lé méjì.

"Oṣù wo nìyí?" ni Àǹtí Rúlà bi ara rẹ̀ sókè, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn. "Oṣù tí wọ́n gbé ibùdókọ̀ kúrò lókè lọ sísàlẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé wọ́n gbé e. Mo ń rò pé àwọn oníbàárà á ṣì máa yà. Wọn ò yà mọ́."

Ó tẹ ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ sì pín sí wákàtí. Nínú búrẹ́dì àádọ́ta tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ogójì ń lọ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Láti ìgbà náà di ìrọ̀lẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín kàn ń rẹ́rìn-ín sí afẹ́fẹ́ ni.

"Àwọn tó ń tètè jí lọ síbi iṣẹ́ ṣì ń rà á," ni Ọ̀gá Kékeré wí, ó ti sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Àwọn tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Àwọn tó kù..."

"Àwọn tó kù ń gba ẹ̀yìn òkè sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Ká gbé búrẹ́dì bá wọn níbẹ̀. Àpótí gíláàsì kan ti tó, àárọ̀ nìkan, kò nílò ṣọ́ọ̀bù. Bó bá tà tán, kí Ẹlẹ́rìn-ín lọ ran àwọn ti Ilé Ìwòsàn lọ́wọ́, èrò pọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án. Wò ó níbí."

Wọ́n wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Nígbà tí àwọn yòókù wọlé padà, Àǹtí Rúlà fúnra rẹ̀ ló dìde tó ṣàlàyé. Kò gùn. Ó sọ ibi tí ìlà ti ń bọ̀, ó sọ ìdí tó fi ṣẹ́, ó ní Orí Òkè ni kí wọ́n tì. Olórí Ààrò, tó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́, ká fìlà iṣẹ́ rẹ̀ mọ́wọ́. Onígíláàsì wá gíláàsì rẹ̀ nínú àpò, kò tètè rí i, ó ń wá a nínú àpò tí kò fi í sí.

Lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà máa ṣí kẹ́yìn, Àǹtí Rúlà tọrọ àyè kí òun dúró sídìí fèrèsé. Ó so épírọ̀nù, ó to búrẹ́dì sórí pẹpẹ. Igi fèrèsé náà ti jẹ níbi tí ìgúnpá àwọn oníbàárà máa ń wà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń tà díẹ̀díẹ̀, àfi bí ìròyìn ṣe tàn kálẹ̀, tí àwọn àgbà orí òkè náà wá ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan ní nígbà tí òun lóyún àkọ́bí òun, búrẹ́dì ibẹ̀ nìkan ló ń dúró nínú òun, àkọ́bí náà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti irùngbọ̀n. Òmíràn béèrè bóyá awakọ̀ tó máa ń kọrin nínú ọkọ̀ nígbà kan ṣì wà. Àǹtí Rúlà ní kò sí mọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kò mọ orin ọ̀hún kọ," àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Kékeré fi ọkọ̀ gbé Bàbá gun òkè wá. Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀, orúnkún kan lẹ́yìn èkejì. Ó dúró níwájú fèrèsé.

"Mo gbọ́ pé ìwọ lo ní kí wọ́n tì í."

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀rọ yẹn ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀rọ ló jẹ́ kí n rí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò kàn fẹ́ wò ó ni."

Bàbá mi orí. Ó yẹ pẹpẹ wò, ó ku búrẹ́dì mẹ́ta. "Kó wọn fún mi," ló wí. "N kò ní jẹ́ kí nǹkan ṣẹ́kù lọ́jọ́ tí mo bá wà níbẹ̀." Ó gbà wọ́n, ó bu ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ ní ìdúró bí ọmọ iléèwé. Ọ̀gá Kékeré ní kó jókòó nínú ọkọ̀ jẹ ẹ́. Bàbá ní òun kò lọ.

Àǹtí Rúlà ti rò pé òun á sunkún. Kò sunkún. Ó jáde wá sí iwájú, ó fara ti fèrèsé láti ìta, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń fara tì, ibi tí òun kò dúró sí rí nítorí inú lòun máa ń wà. Láti ibẹ̀, ènìyàn ń rí gbogbo òrùlé ìsàlẹ̀, títí dé ibi tí ojú irin ti ń dán. Kò mọ̀ pé ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e ìdí tí ọkùnrin náà kì í fi tètè lọ, ó sì sọ ọ́ fún Bàbá, Bàbá sì fi ẹnu tó kún fún búrẹ́dì sọ fún un pé kó má tan ara rẹ̀ jẹ, pé ẹ̀yìn ni awakọ̀ náà máa ń kọ sí gbogbo òrùlé yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, Àǹtí Rúlà lọ wo Ẹlẹ́rìn-ín láàárọ̀ kan tí òjò ń rọ̀ winniwinni. Àwọn èrò to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lábẹ́ agbòòrùn. Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ọ̀gá Kékeré ni.

"Àǹtí, Ayàwòrán ní búrẹ́dì ti tán nísàlẹ̀ òkè. Ṣé òótọ́ ni àbí ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè?"

Àǹtí Rúlà wo inú àpótí gíláàsì náà. Èérún ló kù síbẹ̀.

"Òótọ́ ni o," ló wí. "Èmi gan-an ò tíì jẹun, wọn ò sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Sọ fún Olórí Ààrò pé kó fi ogún kún ti ọ̀la."